Obìnrin Tó Ń Fi Okùn Mú Ológbò Nasẹ̀

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Ohùn yín ò dé ẹ̀yìnkùlé. Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Ẹ̀n-ẹ́n. Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó rìn, ó rìn. Ó kọjá lọ́dọ̀ Ìjàpá, kò yà kí i. Ó kọjá lẹ́nu ọ̀nà ọba, kò dọ̀bálẹ̀. Ó lọ jókòó ti ìyàwó ilé kan tó so okùn mọ́ ológbò."

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà dákẹ́ títí ẹ̀rín náà fi tán. Kò fẹ́ràn kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín kí òun tó dé ibi ẹ̀rín.

"Ẹ ti rín in tán? Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín ṣáájú pé àlọ́ yìí ń rúni lójú. Nígbà tí ìyá tó bí mi pa á fún mi, mi ò lóye rẹ̀. Mo ti wá hu ewú báyìí, apá kan ibẹ̀ ṣì ń rú mi lójú. Nítorí náà, ẹni tó bá bi mí ní ìbéèrè tó le jù, màá ní kó lọ sùn."

Ní ìgbà kan rí, ọmọbìnrin kan wà ní ìlú Ẹ̀yìn-Òkè tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní kékeré. Nínú gbogbo ohun tí ìyá náà ní, ẹ̀gbọ́n mú ìkòkò, àbúrò mú aṣọ. Ohun tó kan Àwẹ̀ró ni ọmọ ológbò kan tí ojú rẹ̀ kò tíì là.

Ó fi ìka fún un ní omi ẹ̀kọ mu títí ojú rẹ̀ fi là. Ó sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́. Orí ẹní kan náà ni wọ́n ń sùn. Bí Àwẹ̀ró bá rántí ìyá rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, Jẹ́jẹ́ á wá gorí itan rẹ̀ jókòó, kò ní sọ nǹkan kan.

"Ṣé ó lè sọ̀rọ̀ ni?" Móńjọlá ló béèrè. Òun ló kéré jù nínú wọn.

"Láyé ìgbà náà, ẹranko wo ni kì í sọ̀rọ̀? Ṣùgbọ́n ológbò kì í sọ púpọ̀. Ó máa ń gbọ́ ni."

"Ṣé àjẹ́ ni, Ìyá Àgbà?"

"Ta ló dárúkọ àjẹ́ níbí? Ológbò lásán ni. Eku ló ń jẹ. Adígún, bí o bá tún já lu ọ̀rọ̀ mi, ìwọ lo máa parí àlọ́ yìí."

Àwẹ̀ró dàgbà, ó dẹni tó ń lọ ilé ọkọ. Àgbẹ̀ kan ní ìlú Ìrọ́kẹ́ ló fẹ́ ẹ. Àlàdé lorúkọ rẹ̀. Ìrọ́kẹ́ jìn, ìrìn ọjọ́ méjì ni. Àlàdé jẹ́ èèyàn dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ ò dilẹ̀, ṣùgbọ́n onítìjú ni. Ohun tó bá ń dùn ún, inú rẹ̀ ló máa ń gbé e sí.

Ọjọ́ tí Àwẹ̀ró dé ilé ọkọ, ẹrù wà lórí rẹ̀, Jẹ́jẹ́ sì wà léjìká rẹ̀. Ìyá Àlàdé jáde láti kí ìyàwó. Ó rí ìyàwó, inú rẹ̀ dùn. Ó rí ológbò, ó yíjú wo àwọn ẹyẹlé rẹ̀.

Ìyá yìí ń sin ẹyẹlé, ẹ gbọ́ mi? Ó ń sin wọ́n bí ẹni sin ọmọ. Ó mọ orúkọ gbogbo wọn.

Ó ní, "Ìyàwó mi, mo fẹ́ràn rẹ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo bá rí ìyẹ́ ẹyẹlé kan ṣoṣo lẹ́nu ẹran yìí, á padà síbi tó ti wá. Bí kò bá dá ọ̀nà mọ̀, ìwọ lo máa sìn ín lọ."

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ó ní òun ti gbọ́.

Ó bá ti Jẹ́jẹ́ mọ́ inú yàrá. Jẹ́jẹ́ ké lọ́jọ́ kìíní, ó ké lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta kò jẹun mọ́. Ó kàn jókòó, ó dojú kọ ilẹ̀kùn. Àánú rẹ̀ ṣe Àwẹ̀ró. Ó ro ó síwá, ó ro ó sẹ́yìn. Bí òun bá tú u sílẹ̀, ẹyẹlé á kú. Bí òun bá tì í mọ́lé, ológbò á kú.

Ló bá rànwú. Ó lọ́ òwú náà mọ́ra títí ó fi di okùn tó gùn, tó sì rọ̀. Kò so ó mọ́ ọrùn Jẹ́jẹ́ kó má baà fún un. Ó gbé e gba abẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì, ó ta á ní kókó sẹ́yìn. Lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí oòrùn rọlẹ̀ díẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn, ó di okùn mú, òun àti ológbò bá jáde lọ nasẹ̀.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí tó kàn. Bí ó bá bọ́ lọ́wọ́ yín, gbogbo àlọ́ náà bọ́ nìyẹn.

Ní ìlú Ìrọ́kẹ́, bí ọkùnrin bá gbéyàwó, ó gbọ́dọ̀ fún ìyàwó náà ní abo ewúrẹ́ kan. Ẹ̀yìnkùlé ìyàwó ni wọ́n ń so ó mọ́. Bí ayé bá dára, ewúrẹ́ á máa bímọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ilé ọkọ bá sú obìnrin, kì í pariwo, kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ńṣe ló máa fi okùn sí ewúrẹ́ rẹ̀ lọ́rùn ní ìrọ̀lẹ́, á fà á gba àárín ìlú kọjá lójú gbogbo èèyàn, á máa lọ sílé bàbá rẹ̀. Ó ti kọ ọkọ nìyẹn. Ẹjọ́ tán.

Ẹni tó bá sì rí obìnrin tó ń fi okùn fa ẹran lọ ní ìrọ̀lẹ́ gbọ́dọ̀ kẹ̀yìn sí i. Kò gbọdọ̀ kí i. Kò sì gbọdọ̀ bi í pé níbo ló ń lọ.

"Kí ló fà á tí wọn ò fi gbọdọ̀ béèrè?" Adígún ò lè mú un mọ́ra.

"Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya, ẹni kẹta kò gbọdọ̀ tọwọ́ bọ̀ ọ́. Wọ́n ní ìbéèrè lè dá obìnrin dúró nígbà tó yẹ kó lọ, ó sì lè tì í lọ nígbà tó yẹ kó dúró. Ẹni tó bá béèrè, àní bó jẹ́ ọkọ gan-an, ọdún mẹ́ta gbáko ni kò ní sọ̀rọ̀ láàrin ẹbí. Bí wọ́n bá ń pín ilẹ̀, á máa wò wọ́n níran."

"Ìyàwó yẹn ò mọ òfin náà ni?"

"Báwo ló ṣe máa mọ̀ ọ́n? Wọn ò ní irú rẹ̀ ní Ẹ̀yìn-Òkè. Ní Ìrọ́kẹ́ ńkọ́, ta ni yóò jókòó kọ́ ìyàwó tuntun bí wọ́n ṣe ń kọ ọkọ?"

Bẹ́ẹ̀ ni Àwẹ̀ró jáde. Ológbò kì í rìn bí ewúrẹ́ o. Jẹ́jẹ́ á rìn díẹ̀, á jókòó. Á gbọ́ òórùn ewé kan, á ronú lórí ewé náà. Á tún dìde, á gba ibòmíràn. Nígbà mìíràn Àwẹ̀ró ló wà níwájú, nígbà mìíràn Jẹ́jẹ́ ló ń fà á.

Wọ́n dé ibi tí àwọn aláró wà lábẹ́ igi odán. Àwẹ̀ró kí wọn tayọ̀tayọ̀. Ó ní, "Àrẹ̀dú o!"

Àwọn aláró gbójú sókè. Wọ́n rí ìyàwó, wọ́n rí okùn. Gbogbo wọn kẹ̀yìn sí i lẹ́ẹ̀kan náà, aró ń kán lọ́wọ́ wọn.

Ara Àwẹ̀ró bù máṣọ. Ó ní bóyá wọn ò gbọ́. Ó tún kí wọn. Ẹ̀yìn mẹ́fà ló rí, kò rí ojú kankan. Ó kọjá lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà yọjú lábẹ́ apá ara rẹ̀. Ó ní, "Ewúrẹ́ kọ́ ni."

"Àgùntàn ni?"

"Ológbò ni."

Wọ́n wo ara wọn. Kò sí ẹni tó mọ ohun tó yẹ kí wọ́n rò. Èyí tó wá burú jù ni pé kí ilẹ̀ tó ṣú, Àwẹ̀ró padà kọjá níwájú wọn, Jẹ́jẹ́ ń sùn léjìká rẹ̀, ó sì wọ ilé ọkọ rẹ̀ lọ. Àwọn aláró ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Obìnrin kan kọ ọkọ, ó sì padà wá dáná alẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó tún jáde. Ìgbà yìí ó ń kọrin fún Jẹ́jẹ́ kó lè rìn. Ẹ máa bá mi gbè é. "Máa rìn" ni ègbè.

*Jẹ́jẹ́ mi o,*
*Máa rìn.*
*Okùn òwú kì í dunni,*
*Máa rìn.*
*Fi ẹyẹlé ìyá sílẹ̀,*
*Máa rìn.*
*Ká rìn dé odò ká padà sílé,*
*Máa rìn.*

Ẹ gbọ́ orin yẹn? Àwọn èèyàn Ìrọ́kẹ́ náà gbọ́ ọ. Wọ́n kẹ̀yìn sọ́nà, wọ́n na etí. Obìnrin tó ń kọ ọkọ ń kọrin pé òun ń padà sílé. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ náà bá Àlàdé lóko. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún un ní tààrà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá jókòó tì í lórí ebè, ó mí kanlẹ̀, ó ní kó mọ́kàn le, ó sì lọ. Òmíràn wá, òun náà mí kanlẹ̀. Ẹnì kẹta ló sọ pé òun rí okùn lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Àlàdé sáré wálé.

Ó bá Àwẹ̀ró nídìí odó tó ń gúnyán. Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín sí i, ó kí i kú àbọ̀, ó gbé omi fún un. Àlàdé gba omi náà, kò lè mu ún. Ewúrẹ́ wà ní ẹ̀yìnkùlé lórí ìso rẹ̀. Ìyàwó wà nílé. Wọ́n sì ní ìyàwó ti lọ.

Ìbéèrè náà dé ọ̀fun rẹ̀. Ó gbé e mì. Kì í ṣe ọdún mẹ́ta àìsọ̀rọ̀ nìkan ló ń bà á lẹ́rù. Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù, nítorí èmi náà ti nífẹ̀ẹ́ èèyàn rí. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá béèrè bóyá ó fẹ́ kọ òun, ó lè ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ló bá ń jẹun láìwo ojú ìyàwó rẹ̀. Àwẹ̀ró rí i pé kò wo òun. Òun náà ò béèrè. Inú rẹ̀ bàjẹ́. Ó ń rò ó pé gbogbo ìlú kórìíra òun, ọkọ òun náà sì ti dara pọ̀ mọ́ wọn. Alẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n sùn bí àlejò méjì.

"Kí ló dé tí àwọn méjèèjì ò..."

"Adígún, ṣé o fẹ́ lọ sùn?"

Adígún pa ẹnu mọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀rọ̀ náà yí padà di èébú. Àwọn kan ní bí ìyàwó bá ń fi ológbò kọ ọkọ, a jẹ́ pé ológbò ni ìdílé Àlàdé fi gbé e. Irú ìdílé wo nìyẹn? Ọ̀rọ̀ yìí dé etígbọ̀ọ́ Ìyá Àlàdé. Orí rẹ̀ gbóná. Ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó tú ewúrẹ́, ó fà á wá síwájú ilé, ó sì dúró tì í láti àárọ̀ títí di ọ̀sán.

Ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá pé, "Ewúrẹ́ rè é. Ẹ fọwọ́ kàn án. Ewúrẹ́ la fi gbé e."

Àwọn tó ń kọjá rí obìnrin tó di okùn ẹran mú. Oòrùn kò tíì rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú ti dàrú. Wọn ò mọ̀ bóyá kí wọ́n kẹ̀yìn sí i tàbí kí wọ́n fọwọ́ kan ewúrẹ́. Àwọn kan kẹ̀yìn sí i, wọ́n sì na ọwọ́ sẹ́yìn fọwọ́ kàn án.

Inú bí ewúrẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n dá a padà sórí ìso rẹ̀, ó pe Jẹ́jẹ́ lójú fèrèsé.

Ó ní, "Ìwọ ológbò, iṣẹ́ ta lò ń ṣe? Èmi ni wọ́n fi gbé obìnrin yìí. Bó bá fẹ́ kọ ọkọ, èmi ló yẹ kó fà."

Jẹ́jẹ́ ní, "Ta ló ń kọ ọkọ?"

Ewúrẹ́ là á yé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó sọ òfin okùn fún un, ó sọ ti ẹ̀yìn tí wọ́n ń kọ. Jẹ́jẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó lá ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún, ó lá ti òsì. Ó ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé bí òun bá sọ èyí fún Àwẹ̀ró, kò ní jáde mọ́, ìrìn ti parí nìyẹn, inú yàrá ni òun máa kú sí. Ó bá dákẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan ṣoṣo tó mọ òdodo nílùú Ìrọ́kẹ́ ṣe jókòó lójú fèrèsé, tó di ojú rẹ̀ méjèèjì.

Lọ́jọ́ kẹrin, adẹ́mu kan tó ń jẹ́ Ògúndípẹ̀ tún dá kún un. Ó ti ń wá ìyàwó tipẹ́. Òfin ní obìnrin tó bá ti kọ ọkọ, ẹni tó bá wù ú lè wá tọrọ rẹ̀. Ó bá gbé ẹyẹ ẹtù kan dání láti fi tọrọ rẹ̀, ó ń tọ̀ ọ́ lọ. Ó dé ìdajì ọ̀nà, wọ́n ní obìnrin náà ti padà sílé ọkọ. Ó gbé ẹtù padà. Lọ́jọ́ karùn-ún wọ́n ní ó ti tún kọ ọkọ. Ó tún gbé ẹtù. Ìdajì ọ̀nà, wọ́n ní ó ti tún padà.

Ẹtù náà yí ọrùn wò ó. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé mò ń lọ ni àbí mò ń bọ̀?"

Ògúndípẹ̀ ní òun náà ò mọ̀. Wọ́n jọ jókòó sí ojú ọ̀nà.

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ìgbà yìí Ìyá Àgbà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó nu ojú rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n dákẹ́, nítorí ibi tó kàn kì í ṣe ti ẹ̀rín.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ karùn-ún, àwọn àgbà ẹbí pé jọ. Òkúnadé ni baálé wọn. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá Àwẹ̀ró jẹ́ ìyàwó ilé tàbí kò jẹ́ ẹ. Ẹnì kan ní ó ti kọ ọkọ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹlòmíràn ní kò kọ ọ́ rárá torí pé ewúrẹ́ ṣì wà nílé. Ẹnì kẹta ní bó bá kọ ọ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún tó sì padà lẹ́ẹ̀marùn-ún, kò ṣe nǹkan kan nìyẹn. Wọ́n jiyàn títí ọ̀fun wọn fi gbẹ.

Níkẹyìn, Baálé Òkúnadé ní, "Ohun tí ojú wa rí ni ká fi ṣèdájọ́. Obìnrin di okùn mú, ẹran wà lẹ́nu okùn. Bó bá tún jáde lọ́la, ẹ gbé ẹrù rẹ̀ síta. Kó tètè mọ ibi tó ń lọ, káwa náà sinmi."

Àlàdé wà níjokòó. Òfin tó ní kò gbọdọ̀ béèrè náà ló ní kò gbọdọ̀ kìlọ̀ fún ìyàwó rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó jókòó ti Àwẹ̀ró ó sì ní òtútù máa mú púpọ̀ lọ́la, ó dára kéèyàn jókòó sílé. Àwẹ̀ró wo ojú ọ̀run. Ooru ń mú. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ mi." Kò mọ ohun tó ní lọ́kàn.

Ó di ọjọ́ kẹfà. Oòrùn rọlẹ̀, Àwẹ̀ró sì mú okùn. Jẹ́jẹ́ tẹ̀lé e. Bí wọ́n ṣe kọjá lẹ́nu ọ̀nà, àwọn obìnrin ilé bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrù rẹ̀ síta. Wọ́n gbé àpótí, wọ́n gbé ìkòkò. Ìyá Àlàdé fúnra rẹ̀ ló gbé ẹní. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ lórí ẹní náà, ó sì ń nù ún kúrò kí wọ́n má baà rí i.

Àwẹ̀ró ti odò dé. Ó rí ẹrù níta. Ó rí gbogbo ilé tí wọ́n tò sẹ́yìn ẹrù náà, tí gbogbo wọn kẹ̀yìn sí i. Baálé kẹ̀yìn. Ìyá ọkọ kẹ̀yìn. Àlàdé kẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wá sí i lọ́kàn: ẹyẹlé. Jẹ́jẹ́ ti jẹ ẹyẹlé kan láìjẹ́ pé òun mọ̀, ìyá sì ti mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ.

Ó kúnlẹ̀ sẹ́yìn ọkọ rẹ̀.

Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ yíjú sí mi."

Àlàdé ò yíjú.

"Mo mọ̀ pé nítorí ológbò ni. Láti ọjọ́ tí mo ti ń mú un jáde ni ìlú yín ò ti kí mi mọ́, ẹ̀yin náà ò sì wojú mi mọ́. Òun nìkan ni ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi. Mi ò ní nǹkan mìíràn tó jẹ́ ti ìyá mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mo bá wá síbí."

Ló bá tú kókó okùn náà. Ó gbé okùn náà lé Àlàdé léjìká.

"Jẹ́jẹ́, máa lọ. Mo ti tú ọ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wọlé."

Àwọn ẹyẹlé gan-an dákẹ́.

Àlàdé rò ó. Ọdún mẹ́ta. Ilẹ̀ tí wọ́n máa pín lójú rẹ̀. Èébú ìlú. Àti pé ó lè ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá mi sọ fún mi pé ọrùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ yí, ara rẹ̀ wá tẹ̀lé e. Ó yíjú pátápátá, ó wo ìyàwó rẹ̀ lójú.

Ó ní, "Àwẹ̀ró, níbo lo máa ń lọ?"

Baálé Òkúnadé kérora.

Àwẹ̀ró ní, "Odò ni."

"Kí lò ń lọ ṣe lódò?"

"Mò ń mú Jẹ́jẹ́ nasẹ̀ ni."

"Ológbò?"

"Ológbò, bẹ́ẹ̀ ni. Ó ń kú lọ nínú yàrá. Mi ò sì fẹ́ kó jẹ ẹyẹlé ìyá."

Àlàdé ní, "Kì í ṣe pé o fẹ́ kọ mí?"

"Èmi? Kí n kọ yín?" Àwẹ̀ró wò wọ́n kiri. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yíjú padà. Wọ́n ń wo ara wọn, wọ́n ń wá ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Àwọn obìnrin ilé wo Baálé. Baálé wo Ìyá Àlàdé. Lóòótọ́ ni, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ọ lẹ́nu Àwẹ̀ró. Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n, kò sì sí ẹnì kan tó bi í.

Àlàdé jókòó sórí àpótí ìyàwó rẹ̀, ó bú sẹ́kún lójú gbogbo èèyàn. Ìtìjú tó ti ń gbé kiri láti kékeré bọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwẹ̀ró di orí rẹ̀ mú mọ́ àyà, òun náà ń sunkún. Kò tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ dáadáa. Ohun tó mọ̀ ni pé wọ́n ti ń wo ojú òun.

Àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ iyàn mìíràn lórí bóyá Àlàdé máa dákẹ́ fún ọdún mẹ́ta. Ẹnì kan ní ó bi obìnrin tó ń kọ ọkọ. Ẹlòmíràn ní obìnrin náà ò kọ ọkọ. Ẹnì kẹta ní Àlàdé ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tó béèrè. Wọn ò tíì parí ẹjọ́ yẹn títí dòní, apá tó ń rú mi lójú sì nìyẹn.

Ìyá Àlàdé ò dúró gbọ́ wọn. Ó ní kí àwọn tó gbé ẹrù jáde gbé e wọlé kíákíá. Ó mú okùn òwú léjìká ọmọ rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ò tíì lọ síbì kankan. Ó jókòó síbi tí wọ́n tú u sí, ó ń dúró de okùn rẹ̀. Ìyá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó dáadáa.

Ó ní, "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o mọ̀ ni?"

Jẹ́jẹ́ rọra di ojú rẹ̀ méjèèjì.

Ìdí nìyẹn, títí di òní, tí ológbò fi máa ń wo èèyàn bí ẹni tó mọ nǹkan. Bí ẹ bá bi í, á dijú. Kò ní sọ.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn ará Ìrọ́kẹ́ ti pa òfin ẹ̀yìn kíkọ tì. Bí wọ́n bá rí ẹ lọ́nà báyìí, ìbáà jẹ́ ewúrẹ́ lò ń fà, ìbáà jẹ́ ọwọ́ lásán, wọn á kọ́kọ́ bi ọ́ pé, "Ó di ibo?" Ìwọ náà á sọ ibi tí ò ń lọ fún wọn. Ó ti ọ̀dọ̀ wọn dé ọ̀dọ̀ wa níbí.

"Ìyá Àgbà," Móńjọlá rọra sọ ọ́, "kí ló dé tí Àlàdé ò béèrè lọ́jọ́ kìíní?"

Gbogbo àwọn ọmọ yòókù ń dúró kí Ìyá Àgbà ní kó lọ sùn. Kò sọ bẹ́ẹ̀.

"Ọmọ mi, nítorí ó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni. Ẹni tá a fẹ́ràn ló máa ń ṣòro jù láti bi léèrè. Torí náà ni mo ṣe ń pa á fún yín: ẹ máa béèrè. Ohun tí ojú yín rí lára èèyàn, ẹ má fi dá a lẹ́jọ́ kí ẹnu yín tó bi í. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn ń wá fún ọjọ́ mẹ́fà, ẹrù sì ti dé ìta kí wọ́n tó rí i.

"Ibi tí àlọ́ mi rìn dé rèé, ó ti jókòó, kò lọ mọ́. Bí mo bá fi irọ́ bu iyọ̀ sí i, kí eyín mẹ́rin tó kù mí lẹ́nu yìí má lè fọ́ ẹ̀pà lọ́la. Ṣé ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ró?"

Ó fi eyín lu eyín lẹ́ẹ̀mẹta. "Kó, kó, kó."

"Wọ́n ń ró o, Ìyá Àgbà!"

"A jẹ́ pé òótọ́ ni mo sọ."